Ẹ Yé Di Ẹ̀bi Ru Irin

Fọ́nrán kan wà tí kì í kúrò lórí fóònù àwọn ọ̀dọ́ wa. Ronnie Coleman ni ó wà nínú rẹ̀, ọlọ́pàá ìlú Arlington ní ìpínlẹ̀ Texas, ẹni tí ó gba adé Mr. Olympia lẹ́ẹ̀mẹjọ léraléra, láti 1998 títí di 2005. Ó gbé irin tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 800 pọ́n-ùn lé èjìká, ó lóṣòó, ó dìde, ó tún lóṣòó, ó tún dìde. Ìyẹn tó kílò 363, ó ju àpò símẹ́ǹtì méje lọ. Fọ́nrán kejì tí wọ́n sábà máa ń fi tẹ̀ lé e ni ti ọkùnrin yìí kan náà lóde òní: ọ̀pá méjì ni ó fi ń tilẹ̀ rìn, wọ́n ti pààrọ̀ ìgbáròkó rẹ̀ méjèèjì, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe fún un sì ju mẹ́wàá lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀ kì í yí padà: ẹ wá wo ohun tí irin ń fi ojú oríkèé rí.

Ọwọ́ tèmi náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo ṣì wà nídìí iṣẹ́ ìwé ìròyìn, mo kọ ọ́ láìṣe àní-àní pé ẹni tí ó bá ń gbé irin wíwúwo ń ra làkúrègbé sílẹ̀ de ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni. N kò bi oníṣègùn kankan. Ẹnìkan ni ó sọ bẹ́ẹ̀ létí mi, olóòtú fẹ́ràn àkọlé rẹ̀, ni ó bá di ohun tí gbogbo ayé kà. Lónìí, mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ náà jẹ.

Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Finland ti yẹ orúnkún wò fún wa. Ní 1995 ni èsì wọn jáde. Wọ́n kó àwọn eléré ìdárayá tí ó ti fẹ̀yìn tì jọ, àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 45 sí 68, wọ́n sì ya àwòrán egungun orúnkún wọn. Nínú àwọn tí ó ti fi irin gbígbé díje rí, ìdá 31 nínú 100 ni aromọléegun ti wọ orúnkún wọn. Ibí yìí gan-an ni àwọn adẹ́rùbani máa ń ka ìwé náà dé. Wọn kì í ka ìlà tí ó tẹ̀ lé e, pé láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù, ìdá 29 ni. Ta ni nínú wa tí ó ti gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ rí nítorí làkúrègbé? Nígbà tí àwọn olùwádìí náà sì wá ìdí ọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n bá pàdé ni orúnkún tí ó ti farapa tẹ́lẹ̀, ara tí ó ti wúwo jù láti ọmọ ogún ọdún, àti iṣẹ́ agbára, pàápàá èyí tí èèyàn ń kúnlẹ̀ tàbí tí ó ń lóṣòó ṣe.

Àwọn tí ń gbé irin sókè orí láti fi díje sì nìyẹn o, kì í ṣe àwọn tí ń fi irin tún ara ṣe. Ní ti àwọn wọ̀nyí, àgbéyẹ̀wò kan tí ó jáde ní 2017 fi hàn pé ìfarapa wọn kò ju ẹyọ kan lọ nínú wákàtí 1,000 tí wọ́n bá lò nídìí irin.

Mo mẹ́nu ba iṣẹ́ agbára. Ẹ dé ọjà Bódìjà ní kùtùkùtù kí ẹ wo àwọn alááru. Àpò ìrẹsì wà lórí, ọrùn ti wọ inú èjìká, láti òwúrọ̀ di alẹ́, láìsí ẹni tí ó ń ka iye ìgbà, láìsí ọjọ́ ìsinmi. Géńdé tí ó gbé irin fún wákàtí kan, tí ó jẹun kánú, tí ó sì sinmi lọ́jọ́ kejì, òun ni a rí kìlọ̀ fún. Alááru tí ìkìlọ̀ náà tọ́ sí, ńṣe ni à ń yọ owó rẹ̀ ní náírà mélòó kan.

Oríkèé kì í ṣe táyà ọkọ̀ tí ń jẹ bí ó ti ń yí. Egungun rírọ̀ tí ó bo orí egungun méjì níbi tí wọ́n ti pàdé kò ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀; omi inú oríkèé ni ó ń bọ́ ọ. Bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́, omi á jáde. Bí ẹrù bá kúrò, omi á tún wọlé, bí ìgbà tí a ń fún kànìnkànìn. Oríkèé tí a kò lò ni ebi ń pa. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2023, èyí tí àwọn tí ó lé ní 2,600 kópa nínú rẹ̀, àwọn tí ó ti fi irin ṣe eré ìmárale rí láyé wọn ni ìrora orúnkún kò wọ́pọ̀ lára wọn tó ti àwọn yòókù. Òótọ́ ni pé kò sí ẹni tí ó ń gbé kílò 363 láàárín wọn.

Kí ni ó wá dá Coleman lára? Ẹ̀yìn rẹ̀ ti farapa kí ó tó gba adé àkọ́kọ́, kò sì dẹwọ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìdí irin ni ó tún padà sí. Nínú fíìmù tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀ ní 2018, àbámọ̀ tí ó sọ ni pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ni òun gbé 800 yẹn, pé ó yẹ kí òun gbé e lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ wá gbé Lee Haney tì í. Adé mẹ́jọ ni òun náà gbà, láti 1984 di 1991. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ni pé kí a ta iṣan jí, kí a má pa á run, ó sì fi ìdíje sílẹ̀ ní ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, nígbà tí kò tíì sí ẹni tí ó lè gba adé lórí rẹ̀. Irin kan náà ni àwọn méjèèjì gbé. Kí ló dé tí a kì í fi àwòrán Haney ránṣẹ́ síra wa?

Èyí kò ní kí n gbè lẹ́yìn àwọn onílé ìdárayá wa. Iṣan a máa tètè lágbára. Okùn tí ó so ó mọ́ egungun ni ó máa ń lọ́ra. Dorian Yates, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba adé láti 1992 sí 1997, iṣan iwájú apá rẹ̀ já ní 1994, ti ẹ̀yìn apá tún já ní 1997, ibẹ̀ ni ìdíje sì parí fún un. Akọni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ara rẹ̀ nìyẹn. Kí ni kí a wá sọ nípa ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó kọjá, tí wọ́n ń ta abẹ́rẹ́ tí ń mú iṣan wú fún lábẹ́lẹ̀, kí iṣan rẹ̀ lè sáré fi okùn rẹ̀ sílẹ̀? Bí ẹnìkan bá ń ba oríkèé jẹ́ nílùú yìí, àwọn tí ń ta abẹ́rẹ́ yẹn ni kí a kọ́kọ́ mú.

Ọmọ aládùúgbò mi kan wà tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta nídìí irin. Agolo ọ̀dà tí wọ́n rọ símẹ́ǹtì sí, tí wọ́n fi ọ̀pá irin so pọ̀, ni wọ́n ń gbé níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ń ya fọ́nrán, ọ̀gá tí ń kọ́ wọn sì ń pariwo pé, “Fi kún un! Fi kún un!” Ọmọ náà fi kún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi lè tẹ̀ wọ bàtà. Bàbá rẹ̀ fìbínú kó ìwọ̀nba irin tí ọmọ náà ní sílé, ó tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Mo bi í pé, “Bàbá, ẹ ti lọ bá ọ̀gá yẹn sọ̀rọ̀?” Ó ní rárá, pé kí ni kí òun bá a sọ, ṣebí irin ló fa gbogbo rẹ̀.