Ẹ Yẹ Gbòǹgbò Wò Kí Igi Tó Kú

Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé nílùú Ọba, tí ẹ gbin rhododendron, euonymus tàbí camellia sẹ́nu ọ̀nà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ mi. Bí igi yín bá ń rọ láìjẹ́ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ẹ má kàn máa da omi sí i. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Ìdí igi ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Vine weevil ni wọ́n ń pe kòkòrò tó lè wà níbẹ̀. Àgbà rẹ̀ dúdú, kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan. Òru ló ń gun igi, á bu etí ewé jẹ níbí, á bu ú jẹ lọ́hùn-ún. Ìyẹn kì í sábà pa igi. Ọmọ rẹ̀ ló ń pa á: ìdin funfun tí kò lẹ́sẹ̀, tí orí rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó ń jẹ gbòǹgbò láti ìgbà ooru títí di ìgbà ìrúwé. Abo ni gbogbo wọn, wọn kì í wá akọ kí wọ́n tó yé. Ẹyọ kan péré lè yé ẹyin tó ju 100 lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ewé tí wọ́n ti bu jẹ, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì jáde lálẹ́. Ẹ ṣí agboòrùn, ẹ yí inú rẹ̀ sókè sábẹ́ igi, kí ẹ gbọn ẹ̀ka. Èyí tó bá já bọ́, ẹ pa á. Ẹ tú ìkòkò òdòdó sórí ọ̀rá, kí ẹ ṣa ìdin inú iyẹ̀pẹ̀.

Láti ìparí oṣù kẹjọ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, ẹ ra nematode, aràn tíntìntín tó ń wọnú ìdin lọ pa á. Ẹ pò ó mọ́ omi, ẹ bu ú sórí ilẹ̀ tó rin dáadáa. Nǹkan ẹlẹ́mìí ni. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nílé. Kò ní ṣe ọmọ yín tàbí ajá yín ní nǹkan kan. Ẹ má sì lé ọ̀pọ̀lọ́ àti ẹyẹ, wọ́n ń bá wa jẹ vine weevil.

Kòkòrò yìí kò lè fò. Àwa gan-an là ń gbé e kiri nínú ìkòkò tí a rà àti èyí tí a fi ta ara wa lọ́rẹ. Ẹ yẹ gbòǹgbò òdòdó inú ìkòkò wò kí ẹ tó gbà á, kí ẹ tó fi í tọrẹ. Kí ẹ sì sọ fún aládùúgbò yín, torí bí ọgbà tiyín bá mọ́ tí tirẹ̀ kò mọ́, ẹsẹ̀ ni kòkòrò náà yóò fi rìn padà wá.