Ẹ̀bẹ̀ Nítorí Òṣùwọ̀n

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Kogí, ní Lọ́kọ́jà; àti sí Mínísítà tó ń mójú tó Ilé-iṣẹ́, Ìṣòwò àti Ìdókòwò, ní Àbújá.

 

Bí ẹ bá dé ọjà Kábà, ẹ ó rí ìyá tó fẹ́ ra gààrí, tí yóò kọ́kọ́ gba mùdù lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, tí yóò da ojú rẹ̀ dé, tí yóò sì fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi ń wọn ọjà fún òun ni. Ẹ̀bẹ̀ wa kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láàbù kékeré kan nílùú yìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́; ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ rẹ̀ pamọ́. Àwọn tó ń yan gààrí máa ń gbé tiwọn wá kí a bá wọn wo bí omi inú rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ìlànà Codex, tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń ra oúnjẹ lọ́wọ́ ara wọn, sọ pé omi inú gààrí kò gbọdọ̀ ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, oró ẹ̀gẹ́ inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 2 nínú kìlógíráàmù kan. A ó wọn gíráàmù 5, a ó gbé e sínú ófùn títí yóò fi gbẹ, a ó sì tún un wọ̀n. Bí òṣùwọ̀n bá fi gíráàmù 0.05 péré ṣì wá lọ́nà nígbà tí a bá ń wọn gbígbẹ, ohun tí èèrà mélòó kan lè gbé lọ, gààrí tó yẹ kó jẹ́ 11.5 di 12.5, a sì ti ba ìyá olóòótọ́ lórúkọ jẹ́.

Orí tábìlì pákó ni òṣùwọ̀n tiwa wà. Wọ́n lẹ bébà kékeré mọ́ ọn lára, wọ́n kọ ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò sí i. Ọjọ́ náà ti kọjá, yíǹkì ibẹ̀ sì ti ń ṣá. Bí wọ́n bá ti tan jẹnẹrétọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa báyìí, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jó. A máa ń dúró kí epo wọn tán.

Kì í ṣe pé a kò mọ ọ̀nà. NiNAS, àjọ tó ń fọwọ́ sí láàbù ní Nàìjíríà, wà ní Àbújá. Ìlànà ISO/IEC 17025, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, ni wọ́n sì fi ń yẹ láàbù bíi tiwa wò. Wọn yóò ka ìwé wa, wọn yóò ní kí a ṣe àyẹ̀wò lójú àwọn, wọn yóò béèrè ta ló yẹ òṣùwọ̀n wa wò, àti ta ló yẹ ti ẹni yẹn náà wò. Àyẹ̀wò tí a bá dárúkọ nìkan ni wọ́n ń fọwọ́ sí, kì í ṣe gbogbo láàbù.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló ń dùn wá. Ìwé ìfọwọ́sí kì í ṣe oyè tí èèyàn ń jẹ títí ikú. Àwọn olùyẹ̀wò á tún padà wá. Òṣùwọ̀n á tún lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n á fi gààrí tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, kí wọ́n lè wò ó bóyá èsì wa bá ti àwọn láàbù yòókù mu. Owó ni gbogbo rẹ̀, kì í sì í ṣe irú owó tí wọ́n ń torí rẹ̀ gé ríbọ́n. Ẹ má bínú sí mi, mo ti rí ẹ̀rọ tí wọ́n rà tí eku fi páálí rẹ̀ ṣe ilé.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀wà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí dichlorvos, oògùn tí a fi ń pa kòkòrò. Mílígíráàmù 0.01 nínú kìlógíráàmù kan ni wọ́n fàyè gbà. Wọ́n bá 0.03 títí dé 4.6 nínú tiwa. Ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Nígbà tó pé, wọ́n tún fi ọdún mẹ́ta kún un. Láàbù tiwọn ló rí oògùn náà. Ìbá ṣe pé tiwa ló kọ́kọ́ rí i, ẹrù kì bá tí kúrò nílé. Ẹ̀gẹ́ tí ìjọba ní òun fẹ́ máa sọ di ọjà ní Alape, lápá Bùnú, ibo ni wọn yóò gbé e lọ yẹ̀ wò?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ ilé tuntun fún wa. Ẹ yan láàbù kan tó ti wà ní Kábà. Ní 1964 ni wọ́n dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ sílẹ̀ níbí, àwọn tó mọ iṣẹ́ kò wọ́n wa. Kí láàbù náà fi àyẹ̀wò mẹ́ta bẹ̀rẹ̀: omi inú gààrí, oró ẹ̀gẹ́, àti omi mímu. Gómìnà, kí ẹ kọ owó ìtọ́jú rẹ̀ sínú ìṣúná lọ́dọọdún, kí ó ní ìlà tirẹ̀, kí ó má bọ́ sábẹ́ àwọn ìnáwó tí kò lórúkọ. Mínísítà, ilé òṣùwọ̀n àgbà orílẹ̀-èdè wa wà ní Enugu. Kí ẹ bá wa sọ fún wọn kí wọ́n máa gbé irin tí wọ́n fi ń dán òṣùwọ̀n wò wá sí Lọ́kọ́jà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Òṣùwọ̀n ẹlẹgẹ́ tí wọ́n bá tún ṣe ní Enugu, kòtò ojú títì ni yóò tún un bàjẹ́ kó tó délé.

Ẹni tí ẹ bá rán wá wo tiwa, kí ó tètè dé láàárọ̀, kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀.

Àwa òṣìṣẹ́ láàbù àti àwọn tó ń yan gààrí, Kábà.