"May" Kì í Ṣe "Bóyá" Nígbà Gbogbo

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré kan tí kò ju lẹ́tà mẹ́ta lọ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí: "may". Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé iṣẹ́ wa, ó wà nínú ìwé ilé tí à ń gbé, ó sì wà nínú ìwé owó tí a yá. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ yìí ń ná àwọn èèyàn wa lówó, nítorí pé à ń kà á bí ẹni pé "bóyá" ni.

Nínú èdè wa, bí nǹkan kan kò bá dáni lójú, apá méjèèjì la sábà máa ń sọ. A ó ní, "Ó lè wá, ó lè má wá." Òyìnbó kì í sábà sọ apá kejì. Bí ó bá ní òjò "may" rọ̀ lọ́la, bóyá ló ní lọ́kàn lóòótọ́, nítorí kò sí ẹni tó ni òjò. Ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ bá kọ "we may" sínú ìwé àdéhùn, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "A ní ẹ̀tọ́ láti ṣe é, ìwọ náà sì ti gbà bẹ́ẹ̀."

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé iṣẹ́. "You may be required to work at weekends." Ọ̀pọ̀ ló ń kà á pé bóyá wọ́n á pe àwọn ní Sátidé, bóyá wọn ò ní pè. Ṣùgbọ́n ẹni tó tọwọ́ bọ ìwé yẹn ti gbà pé bí ọ̀gá bá pe òun, òun yóò lọ. Ọjọ́ tí wọn yóò pè nìkan ni kò dájú. Bí ìwé kan náà bá sì ní ilé iṣẹ́ "may" san owó àjẹmọ́nú lópin ọdún, ọwọ́ wọn ló wà. Ẹ má tíì fi owó náà ṣèlérí fún ará ilé.

Ti ilé ló le jù. Ìkìlọ̀ kan wà tí ẹni tó bá ti ra ilé ní Ìlú Ọba yóò ti rí: "Your home may be repossessed if you do not keep up repayments on your mortgage." Gbólóhùn náà kò dárúkọ ẹni tí yóò gba ilé. Ẹni tó yáni lówó ni. Ní England, ó ní láti gba àṣẹ ilé ẹjọ́ kó tó lé èèyàn kúrò nínú ilé tó ń gbé. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2008 sì ni ìlànà ilé ẹjọ́ ti sọ pé kí wọ́n gbìyànjú láti bá onígbèsè jíròrò ná, kí ẹjọ́ sì jẹ́ ohun tí wọn yóò ṣe kẹ́yìn. Ẹni tó mọ èyí á tètè pè wọ́n bí owó bá há. Ẹni tó rò pé bóyá ni, inú àpótí ló ń kó lẹ́tà wọn sí.

Ẹ wo èlé náà. Nínú mortgage tí wọ́n ń pè ní tracker, bí èlé Bank of England bá gòkè, tiyín á bá a gòkè. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní standard variable rate, ẹni tó yáni lówó ló ń pinnu: "We may change the rate." Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, èlé Bank of England wá sí 0.1%. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ó ti di 5.25%. Lórí gbèsè £150,000, ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún tó bá gorí èlé jẹ́ £1,500 lọ́dún, ìyẹn £125 lóṣù. Ta ló fi nǹkan pamọ́ de "bóyá"?

Ẹ̀tọ́ yìí ní ààlà o. Òfin Consumer Rights Act ti ọdún 2015 sọ pé gbólóhùn tí kò bá ṣe ẹ̀tọ́ sí oníbàárà kò de oníbàárà náà. Gbólóhùn tó bá gba olókòwò láàyè láti yí àdéhùn padà láìsọ ìdí gidi sínú rẹ̀ wà lára àwọn tí ilé ẹjọ́ lè gbà pé kò tọ́. Bí ẹ bá fura, Citizens Advice ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àwọn ọmọ wa la fi ń ṣe ògbufọ̀. Ọmọ ọdún méjìlá á ka lẹ́tà tán, á ní, "Mọ́mì, wọ́n ní bóyá ni." Ọmọ náà kò purọ́. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ ọ níléèwé ló sọ, kò tíì mọ ti ìwé àdéhùn.

Àwọn kan á ní, "Ọlọ́run kò ní jẹ́." Mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n àmín kì í pa gbólóhùn inú ìwé rẹ́. Kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ fi "ní ẹ̀tọ́ láti" rọ́pò "may", kí ẹ wá tún un kà. Bí ara yín bá ṣì gbà á, ẹ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí kò bá gbà á, ẹ kọ̀wé béèrè pé nígbà wo ni, àti pé ọjọ́ mélòó ni wọn yóò fi sọ fún yín ṣáájú.

Mo sì ń bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí a ya wákàtí kan sọ́tọ̀ nínú ìpàdé oṣooṣù, kí àwọn tó mọ̀ nípa òfin àti ìṣirò owó láàárín wa máa bá àwọn òbí ka ìwé wọn. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Àwọn onílé iṣẹ́ ti sọ ààbọ̀ tiwọn. Ẹ jẹ́ ká béèrè ìyókù kí bírò tó kan ìwé.