Ríìmù ń dán gbinrin, àmọ́ ṣé ó bá jíìpù yín mu? Ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó o!

Ẹni tó bá ń gba Ìkirè tàbí Apòmù wọ Ararọ̀mí-Òwu lásìkò òjò mọ̀ pé ọ̀nà oko kòkó kì í mojú olówó. Ibi tí táyà bá rì sí, ibẹ̀ lèèyàn lè sùn mọ́jú. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ra kòkó fi ń wá Hilux, Prado àti Patrol kiri. Bí wọ́n bá sì ti ra ọkọ̀ ọ̀hún tán, ríìmù ló kàn. Wọ́n á ní tara ẹ̀ ti gbó, àwọn fẹ́ èyí tó máa mú ọkọ̀ dúró bíi kìnnìún.

Ẹ jẹ́ ká fi Alhaji kan ṣàpẹẹrẹ. Alhaji lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, ó rí ríìmù tòkunbọ̀ mẹ́rin tó dú bíi kóró iṣin. Ọmọ tó ń tà á ka ihò bóòtù ara ẹ̀, ó jẹ́ mẹ́fà. Ti Hilux Alhaji náà, mẹ́fà ni.

"Alhaji, tiyín gan-an nìyí, ẹ kàn máa fi gbàdúrà fún mi ni!"

Ni Alhaji bá kówó sílẹ̀. Nígbà tó dé Ìkirè, mẹkáníìkì gbé ọkọ̀ sórí jáàkì, ó ti ríìmù títí, kò wọlé.

"Kí ló ṣe é?"

"Bàbá, ihò àárín ẹ̀ ló kéré. Ti Pajero ni wọ́n tà fún yín."

Owó ti wọgbó nìyẹn. Iye ihò bóòtù nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò o. Ti Hilux, Prado, Pajero àti Patrol, mẹ́fà mẹ́fà ni, mìlímítà 139.7 sì ni òbìrìkìtì tí wọ́n to ihò náà sí fẹ̀. Àmọ́ ihò àárín ríìmù Toyota yìí fẹ̀ tó mìlímítà 106, ti ọ̀pọ̀ Pajero ò ju 67 lọ. Navara tó jáde lọ́dún 2005 náà ní ihò mẹ́fà, ṣùgbọ́n 114.3 ni tiẹ̀. Land Cruiser tó jáde lọ́dún 1998 ní tiẹ̀, ihò márùn-ún ni, 150 ló fẹ̀.

Èyí tí kò wọlé rárá ṣì sàn, owó nìkan ló kó lọ. Èyí tó wọlé, tí kò sì bá a mu, ló burú jù, torí òun ló lè gbẹ̀mí èèyàn. Ohun tí wọ́n ń pè ní offset ni. Bí ojú ibi tí ríìmù ti ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ṣe jìnnà sí ìdajì fífẹ̀ ríìmù ni offset. Bí iye ẹ̀ bá ga jù, táyà á wọnú, á máa họ irin abẹ́ ọkọ̀ àti ṣọ́ọ̀kì. Bó bá kéré jù, táyà á yọ síta, á máa ha fẹ́ńdà nígbà tẹ́ ẹ bá yí sítíárì, ẹrù tó wà lórí bíárìn á sì wúwo sí i.

Ẹ wo ríìmù Patrol ayé ọjọ́sí tí wọ́n ń pè ní Y61. Ihò ẹ̀ bá ti Hilux mu, àárín ẹ̀ sì fẹ̀ dáadáa, á wọlé wẹ́rẹ́. Àmọ́ offset rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 10, nígbà tí ti Hilux tó jáde láti 2005 sábà máa ń jẹ́ 30. Táyà ti yọ síta ní mìlímítà ogún nìyẹn, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí ríìmù náà bá tún fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á yọ jù bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n rèé. Ẹ wo ẹ̀yìn ríìmù, tẹ́ ẹ bá rí ET àti nọ́ńbà, offset nìyẹn. Bí ò bá sí, ẹ dojú ríìmù bolẹ̀, ẹ gbé igi tó gún régé dábùú etí ẹ̀yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ wọn ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀ dé ojú ibi tó ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Ká ní ó jẹ́ ínṣì márùn-ún. Ẹ wá wọn ríìmù láti etí kan dé èkejì, ká ní ó jẹ́ mẹ́jọ. Ìdajì ẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Ẹ yọ mẹ́rin kúrò nínú márùn-ún, ó ku ínṣì kan, ìyẹn bíi mìlímítà 25. Ẹ wọn ti tẹ́lẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ fi wéra.

Ó tún ku nọ́ọ̀tì o. Nọ́ọ̀tì ríìmù onírin tí Toyota ń lò ṣóńṣó lẹ́nu, ọ̀pọ̀ ríìmù alọ́ì wọn sì máa ń lo èyí tó ní ọrùn gígùn àti wọ́ṣà. Ẹni tó bá pààrọ̀ wọn síra, á rò pé ó le, àmọ́ lójú ọ̀nà ló máa tú. Ẹ sì wo ìwọ̀n ẹrù tí wọ́n kọ sẹ́yìn ríìmù, torí àpò kòkó mẹ́rìndínlógún, tọ́ọ̀nù kan ni, láìtíì ka àwọn èèyàn tó jókòó lé e.

Tí wọ́n bá dè é tán, ẹ di ẹrù díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ yí sítíárì dópin lọ́tùn-ún àti lósì, kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá ó ń ha. Lẹ́yìn bíi ọgọ́rùn-ún kìlómítà, ẹ tún àwọn nọ́ọ̀tì náà dè. Alhaji tó pàdánù owó ṣì lè ra òmíràn. Ẹni tí táyà ẹ̀ bá yọ lórí eré láàárín Ìkirè sí Apòmù, tí èrò àti kòkó wà lẹ́yìn, ta ni yóò dá tiẹ̀ padà? Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí o.