Ìlérí ẹnu kò tó fún àṣírí lórí kọ̀ǹpútà quantum

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹni tí kò mọ̀wé a máa tọ akọ̀wé lọ kó bá òun kọ lẹ́tà. Lẹ́tà náà á délé, ṣùgbọ́n akọ̀wé ti mọ gbogbo àṣírí ilé rẹ̀. Irú rẹ̀ ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n ń pè ní quantum.

Ìṣesí àwọn ohun tó kéré jù lọ láyé, bí èérún ìmọ́lẹ̀, ni kọ̀ǹpútà yìí fi ń ṣiṣẹ́. Òmíràn gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù tó ju ti yìnyín lọ fíìfíì. Ìdí nìyí tí àwọn tó ní in kò fi pọ̀. Láti ọdún 2016 tí IBM ti ṣí tirẹ̀ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ńṣe ni àwọn mìíràn ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Bó bá di ọjọ́ tí ilé ìwòsàn, báńkì àti àwọn tó ń ṣe oògùn ń fi tiwọn ránṣẹ́, ta ni yóò dá olóhun ẹ̀rọ dúró kó má yọjú wò ó?

Ọ̀nà àbáyọ wà. Lọ́dún 2009, Anne Broadbent, Joseph Fitzsimons àti Elham Kashefi fi ìṣirò hàn pé ẹ̀rọ lè jẹ́ iṣẹ́ tí kò mọ̀dí rẹ̀, bí ẹni tó gbé àrokò. Oníbàárà yóò fi èérún ìmọ́lẹ̀ ránṣẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì tí òun nìkan mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ àmì náà wò yóò bà á jẹ́ ni. Èsì pẹ̀lú yóò padà wá bí àrokò, oníbàárà nìkan ni yóò lè tú u.

Wọ́n dán an wò ní Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria, lọ́dún 2012, ó sì ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2024, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Oxford fi hàn pé oníbàárà tún lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Àwọn kan yóò ní ọ̀nà yìí ń fi kún iṣẹ́ àti owó, nígbà tí ẹ̀rọ náà gan-an ṣì ń ṣe àṣìṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá ń kọ́lé lọ́wọ́ là ń ro ibi tí ilẹ̀kùn yóò wà. Òfin lè fìyà jẹ ẹni tó tú àṣírí, kò lè dá àṣírí náà padà. Kí àwọn ìjọba àti ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gbé iṣẹ́ aráàlú fún ẹ̀rọ wọ̀nyí béèrè fún ààbò yìí nísinsìnyí, kí wọ́n má gba ìlérí ẹnu nìkan. Ẹyin ni àṣírí, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.