Ẹ Jẹ́ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Wáyà Ilé Páálí

Lọ́dún 1997, fíìmù kan jáde ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Minds of Our Own. Àwọn tó ṣe é gbé kámẹ́rà lọ sí MIT, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí gbogbo ayé ń wárí fún, wọ́n sì dá àwọn tó ń gboyè lọ́jọ́ náà dúró. Bátìrì, gílóòbù kékeré àti wáyà ni wọ́n fi lọ̀ wọ́n: ǹjẹ́ wọ́n lè mú kí gílóòbù yìí tàn? Àwọn kan fọwọ́ sọ̀yà pé kékeré nìyẹn. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ lé e, iná kọ̀, kò tàn.

Ẹni tó ti ṣírò ìṣàn iná títí tó fi gboyè, tí kò sì mọ ojú ibi tó yẹ kí wáyà ti kan gílóòbù, kì í ṣe olódo. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ló rí. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama nílẹ̀ Yorùbá, orí pátákó ni ẹ̀kọ́ iná ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń parí sí. Olùkọ́ á fa ìlà gígùn kan àti kúkúrú kan, ó di bátìrì. Á fa róbótó kan, á kọ àgbélébùú sínú rẹ̀, ó di gílóòbù. Òfin tí Georg Ohm, olùkọ́ ará Jámánì, gbé jáde lọ́dún 1827 á tẹ̀ lé e: V jẹ́ I lọ́nà R. Àwọn ọmọ á há a sórí, wọ́n á sì gba máàkì. Òótọ́ ni pé ìdánwò Physics ti WAEC ní apá àfọwọ́ṣe, ìbéèrè lórí iná kì í sì í wọ́n níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ní kí ọmọ ṣe ni kó so wáyà bí àwòrán ṣe wí, kó ka ammeter àti voltmeter, kó ya gíráàfù. Ọmọ lè gba gbogbo máàkì gíráàfù yẹn, kó délé, kó má mọ ìdí tí iná yàrá ìyá rẹ̀ fi kú tí ti pálọ̀ ṣì ń tàn.

Ohun tó lè dí àlàfo yẹn kò ju ilé páálí lọ. Kí àwọn ọmọ kọ́ ilé kékeré, kí wọ́n fa wáyà sí i, kí wọ́n fi súìṣì sí yàrá kọ̀ọ̀kan, kí iná sì tàn. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ti ń ṣe é. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni kò dára.

Ẹ wo ọjọ́ àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá á gbé ilé alájà kan wọlé. Pákó pẹlẹbẹ ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n ti kùn ún, ó ní géètì, ó ní òdòdó oníke, ọkọ̀ ìṣeré kan sì dúró sí iwájú ilé. Bàbá ló sanwó fún káfíńtà ìta ọ̀nà, oníṣẹ́ iná àdúgbò ló fa wáyà. Olùkọ́ á tẹ súìṣì kan ṣoṣo, gbogbo ilé á mọ́lẹ̀ yòò, wọ́n á pàtẹ́wọ́, máàkì ńlá á wọlé. Bí ẹnì kan bá bi ọmọ náà pé ibo ni wáyà pupa yìí ń lọ, ojú bàbá rẹ̀ ni yóò máa wò. Káfíńtà nìkan ló jèrè nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn.

Ilé tó ń kọ́ni kì í sábà lẹ́wà. Páálí Indomie kan ti tó, kí wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ kúrò kí inú rẹ̀ lè hàn síta, kí wọ́n fi páálí míì pín in sí pálọ̀, yàrá, ilé ìdáná àti bàráńdà. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì ńlá méjì, 1.5 volt ọ̀kọ̀ọ̀kan, gílóòbù tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ àti téèpù ló kù. Súìṣì kò ju ìṣó méjì tí wọ́n kàn mọ́ pákó pẹlẹbẹ, pẹ̀lú pín-ìn onírin tí wọ́n fi ń mú bébà pọ̀, tó lè yí kúrò lórí ọ̀kan. Gílóòbù àtijọ́ tó ní okùn tín-ín-rín nínú ló dára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé LED ló gbòde. LED á tàn lóòótọ́, àmọ́ bí ọmọ bá kọ orí bátìrì sí ìdí rẹ̀, kò ní tàn rárá, wọ́n á sì fi ọjọ́ kan gbáko wá ohun tí kò sọnù.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí olùkọ́ pa ẹnu mọ́. Kó jẹ́ kí wọ́n so gílóòbù bó ṣe wù wọ́n. Àwọn kan á so wọ́n tẹ̀ léra: láti orí bátìrì dé pálọ̀, láti pálọ̀ dé yàrá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìdí bátìrì. Iná á kàn pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, bóyá kó má tilẹ̀ tàn, nítorí volt mẹ́ta ni gílóòbù mẹ́rin jọ ń pín, ohun tó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan ò sì tó volt kan. Kí olùkọ́ wá yọ gílóòbù pálọ̀. Gbogbo ilé ṣókùnkùn. Ibẹ̀ ni ariwo ti ń sọ nínú kíláàsì, nítorí kò sẹ́ni tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀: bí gílóòbù pálọ̀ bá jó, ti ilé ìdáná kì í bá a kú. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò béèrè bí wọ́n ṣe ń so ti ilé gidi. Nígbà tí wọ́n bá wá fún gílóòbù kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀ láti orí bátìrì dé ìdí bátìrì, gbogbo wọn á gba volt mẹ́ta wọn pé, wọ́n á tàn dáadáa, èyí tí wọ́n bá yọ ò ní pa èkejì lára. Ẹ̀kọ́ tó ń gba olùkọ́ ní ojú pátákó méjì ti parí láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan.

Àṣìrò kan tún wà tí ilé yìí ń tú síta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Roger Osborne ní New Zealand bi àwọn ọmọdé léèrè bí wọ́n ṣe rò pé iná ń rìn. Àwọn kan lára wọn gbà pé gílóòbù ń gbé díẹ̀ mì nínú ìṣàn iná, pé ohun tó ń padà sí ìdí bátìrì kéré sí ohun tó jáde lórí rẹ̀. Àlàyé ẹnu kì í fi bẹ́ẹ̀ lé èrò yẹn lọ, nítorí ó dùn létí ju òótọ́ lọ. Àfi kí wọ́n gbé ammeter sí iwájú gílóòbù, kí wọ́n kà á, kí wọ́n tún gbé e sí ẹ̀yìn rẹ̀. Iye kan náà ni. Agbára ni gílóòbù gbà tó sọ di ìmọ́lẹ̀ àti ooru. Ìṣàn náà pé bó ṣe wà.

Bí ọwọ́ bá ti mọ́ wọn, kí wọ́n gbé páálí kejì lé e, kí ilé di alájà kan, kí wọ́n sì wá iná àtẹ̀gùn. Gílóòbù kan, súìṣì méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Èyí tó wù kí èèyàn tẹ̀, iná gbọ́dọ̀ yí padà. Àwọn ọmọ á kọ́kọ́ fẹ́ fi súìṣì lásán méjì ṣe é. Bí wọ́n bá so wọ́n tẹ̀ léra, ẹni òkè ò ní lè tan iná tí ẹni ìsàlẹ̀ ti pa. Bí wọ́n bá so wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹni òkè ò ní lè pa èyí tí ẹni ìsàlẹ̀ ti tàn. Kí wọ́n jà á síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ ni súìṣì olójú mẹ́ta: ojú kan fún wáyà tó dá wà, méjì fún wáyà méjì tó so ìsàlẹ̀ mọ́ òkè. Bí súìṣì méjèèjì bá kọjú sí wáyà kan náà, iná tàn. Bí wọ́n bá yapa, ó kú. Ìṣó mẹ́ta àti pín-ìn bébà kan ló ń ṣe é. Àwọn àgbàlagbà wà tí wọ́n ti ń gun irú àtẹ̀gùn yẹn láti ogún ọdún tí wọn ò tíì ronú kàn án rí.

Fíúsì ló yẹ kó gba àkókò jù lọ, nítorí òun ló kan ẹ̀mí. Fọ́nrán kan ṣoṣo láti ara kànìnkànìn onírin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò lè jẹ́ fíúsì ilé páálí, bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sórí àwo tánganran, kì í ṣe sórí páálí. Kí olùkọ́ fi wáyà kan so orí iná mọ́ ìdí rẹ̀ tààrà lẹ́yìn fíúsì náà: fọ́nrán á pọ́n, á já, ilé á ṣókùnkùn, wáyà ò ní gbóná. Lẹ́yìn náà, kó ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe ní àdúgbò nígbà tí fíúsì bá jó: kó fi wáyà bàbà tó nípọn rọ́pò fọ́nrán yẹn, kó tún un so bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Báyìí, kò sí ohun tó já. Wáyà ló ń gbóná, bátìrì ló ń gbóná. James Joule ti sọ ọ́ lọ́dún 1841 pé bí ìṣàn iná bá di ìlọ́po méjì, ooru inú wáyà á di ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ tó ta kúrò lára wáyà ló máa ń rántí.

Ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń wúlò. Iná ilé ní Nàìjíríà jẹ́ 230 volt, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí gbogbo ilé ń lò ò sì gbọ́dọ̀ gbà ju 13 ampere lọ. Kẹ́tùlù oníná 2,000 watt ń fa 8.7 ampere, áyọ́ọ̀nù 1,000 watt ń fa 4.3. Bí méjèèjì bá wà lórí ẹ̀kísítẹ́ńṣàn kan náà, ó ti di 13 géérégé. Kí àbúrò tún wá ki hotplate 1,000 watt bọ̀ ọ́, ó ti lé ní 17. Ọmọ tó ti rí fọ́nrán kànìnkànìn tó já kò nílò ìkìlọ̀ gígùn lórí èyí.

Ilé tó wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ láti òkè òkun kì í sábà ní change-over. Ti ọmọ Ìbàdàn tàbí Òṣogbo gbọ́dọ̀ ní in. Kí bátìrì méjì jẹ́ NEPA, kí méjì mìíràn jẹ́ jẹnẹrétọ̀, kí súìṣì kan wà tí kò lè kan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí rẹ̀ kọjá ọ̀rọ̀ kí ohun èlò inú ilé má bàjẹ́. Bí ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I better pass my neighbour bá fi í sí ara sọ́kẹ́ẹ̀tì láì kọ́kọ́ já iná ìta, iná rẹ̀ lè gba ojú wáyà padà lọ sí transformer àdúgbò, kí transformer yẹn sì ṣiṣẹ́ sódì, kó gbé e ga dé 11,000 volt lórí wáyà tí òṣìṣẹ́ tó wà lórí òpó gbà pé ó ti kú.

Àwọn kan á ní eré ọmọdé tó lè pa ọmọ nìyí. Ìbẹ̀rù yẹn ní ìdí, ó sì yẹ kí òfin rẹ̀ le: bátìrì tọ́ọ̀ṣì nìkan, kò gbọ́dọ̀ sí bátìrì fóònù àtijọ́, ilé páálí kò sì gbọ́dọ̀ fojú kan sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Ẹ̀sùn tó lágbára jù ni pé ilé páálí máa ń parọ́ díẹ̀. Bí wọ́n bá fi súìṣì sí ojú wáyà dúdú, èyí tí iná ń gbà padà sí ìdí bátìrì, gílóòbù á kú, kò sì séwu. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé gidi, gílóòbù á kú bákan náà, ṣùgbọ́n iná ṣì wà lójú ibi tí wọ́n ń de gílóòbù mọ́, ó ń dúró de ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, láti ọjọ́ kìíní ni kí olùkọ́ ti fi dandan lé e pé ojú wáyà pupa, èyí tó ń gbé iná bọ̀, ni súìṣì ń wà, kó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ti owó kò le. Ọmọ mẹ́fà lè pín páálí kan. Ẹ̀rọ olówó gọbọi kọ́ ni ilé ẹ̀kọ́ ń dúró dè; nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1982, ìjọba kó ẹ̀rọ wọlé láti òkè òkun fún ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì wà nínú àpótí títí ó fi dípẹtà, nítorí kò sí iná tí wọ́n máa fi lò ó, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò.

Olùkọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì wáyà ilé rí ni ìṣòro tó ṣòro jù. Kí ó pe oníṣẹ́ iná àdúgbò wá fún wákàtí kan, kí ó jókòó ti àwọn ọmọ, kí wọ́n jọ wò bí wọ́n ṣe ń họ wáyà, bí wọ́n ṣe ń lọ́ ọ pọ̀ kó má tú, kí wọ́n sì fi Yorùbá bi í ní ìbéèrè. Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì láti ọdún 1970. Kò sí ìdí tí ọmọ SS2 fi gbọ́dọ̀ dákẹ́ nítorí kò rí èdè Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi sọ pé wáyà ti já.

Máàkì ni yóò sì pinnu bóyá káfíńtà yóò tún padà wá. Kí wọ́n má kọ máàkì kankan sílẹ̀ fún ọ̀dà tàbí fún òdòdó. Kí olùkọ́ gbé ilé náà wọ yàrá míì, kí ó tú ojú ìsopọ̀ kan, tàbí kí ó fi bébà sáàárín bátìrì méjì, kí ó gbé e padà, kí ó sì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti wá ibi tí iná ti sé, pẹ̀lú ìwé kan níwájú rẹ̀ tí yóò kọ ohun tó kọ́kọ́ yẹ̀ wò sí, àti ìdí tó fi yẹ ibẹ̀ wò.