Ọgbà Agodi àti Ọmọ Ilé-Ìwé

Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Bí òwe yìí ti bá ènìyàn wí, bẹ́ẹ̀ náà ni ó bá ibi ìgbafẹ́ wí. Ẹ bi àgbàlagbà Ìbàdàn léèrè nípa Ọgbà Agodi, yóò ròyìn àwọn ẹranko tí ó wò níbẹ̀ ní kékeré. Ẹ bi ọmọ ọdún mẹ́wàá léèrè nípa ọgbà kan náà, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Àwọn méjèèjì kò purọ́. Ọgbà ni ó ti yí padà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jiyàn bóyá ìyípadà náà dára tàbí kò dára. Lójú tèmi tí mo ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ìbéèrè mìíràn ni ó yẹ kí a bèèrè: ọmọ ta ni ó lè wọ inú ọgbà náà, kí sì ni yóò kọ́ níbẹ̀?

Ní ọdún 1967 ni a dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọgbà ẹranko àti ọgbà igi, lórí ilẹ̀ tí ó tó éékà 150. Odò Ògùnpa ni ó fún un ní ẹwà, odò náà ni ó sì padà wá gba ẹwà rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, ọdún 1980, òjò ńlá rọ̀, Ògùnpa kún àkúnya, ó di omíyalé tí ó pa ènìyàn ju 100 lọ ní Ìbàdàn. Ó gbá apá ńlá nínú ọgbà náà lọ pẹ̀lú àwọn ẹranko rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru òjò. Pàǹtírí tí a ń dà sínú odò àti ilé tí a kọ́ sí etí rẹ̀ ti fún un lọ́rùn kí òjò náà tó dé.

Ní ọdún 2012 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ọgbà náà, a sì tún un ṣí ní 2014. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀ báyìí, ohun ìṣeré ọmọdé wà, pápá koríko wà tí ẹbí lè tẹ́ ẹní sí kí wọ́n jẹun, ẹranko díẹ̀ náà sì wà. Mo yin àwọn tí ó ṣe é. Ọgbà tí ó di igbó kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ohun tuntun a máa mú owó tuntun lọ́wọ́. Ní ọdún 1955 tí Walt Disney ṣí Disneyland ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dọ́là kan ni àgbàlagbà ń san ní ẹnu ọ̀nà, ọmọdé sì ń san ìdajì rẹ̀. Owó ohun ìṣeré wà lọ́tọ̀. Lónìí, ènìyàn kan ń san ju dọ́là 100 lọ fún ọjọ́ kan. Lóòótọ́ ohun tí a ń rí níbẹ̀ ti pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n bàbá tí ó ní ọmọ mẹ́rin yóò ṣírò títí kí ó tó jáde nílé. Òwò aládàáni ni Disneyland ń ṣe. Ilẹ̀ ìlú ni Agodi. Owó ẹnu ọ̀nà, owó ìlúwẹ̀ẹ́, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ: ọ̀kọ̀ọ̀kan lè má pọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá kó wọn jọ, ẹrù ni wọ́n lórí ìyá tí ń ta ẹ̀kọ ní Ọjà Ọba.

Ẹ̀kọ́ àti ìgbafẹ́ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948 gẹ́gẹ́ bí àkójọ ẹranko kékeré fún àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹranko. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ìlú ń lọ wò ó. Ẹ̀kọ́ ni ó bí ìgbafẹ́ níbẹ̀. Ní Agodi, ẹ̀rù ń bà mí kí ìgbafẹ́ má lé ẹ̀kọ́ jáde. Ọmọ púpọ̀ ni ó ti ka ìrókò nínú ìwé tí kò fi ọwọ́ kan èèpo rẹ̀ rí.

Ẹnìkan lè wí pé ẹranko ń jẹun, òṣìṣẹ́ ń gba owó oṣù, omi adágún kò sì lè mọ́ fúnra rẹ̀. Níbo ni owó yóò ti wá bí ilẹ̀kùn bá ṣí lọ́fẹ̀ẹ́? Òótọ́ ni. N kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn máa wọlé lásán. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ní àkókò ilé-ìwé, fún kíláàsì tí olùkọ́ bá kó wá, láìgba kọ́bọ̀. Kí a kọ orúkọ igi kọ̀ọ̀kan sí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Kí a ri òpó kan mọ́lẹ̀ létí omi, kí a kọ ìtàn 1980 sí i, kí ọmọ lè mọ ohun tí ọ̀rá tí ó jù sí gọ́tà lè dà lọ́la. Omíyalé ọjọ́ 26 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, ọdún 2011, tún pa ju 100 ènìyàn lọ ní ìlú kan náà. A kò tíì kọ́ ẹ̀kọ́ náà tán.

Apá tiwa ńkọ́, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi? Kí olùkọ́ má ṣe kó ọmọ lọ bí ẹni da ẹran. Kí ó lọ wo ibẹ̀ ṣáájú, kí ó mú ìbéèrè márùn-ún dání, kí àwọn ọmọ ya àwòrán ewé, kí wọ́n ka irú ẹyẹ tí wọ́n rí, kí wọ́n sì fi ṣe àròkọ nígbà tí wọ́n bá padà. Lẹ́yìn èyí, kí ó jẹ́ kí wọ́n ṣeré tẹ́rùn, nítorí eré jẹ́ oúnjẹ ọmọdé.

Ọgbà Agodi yóò tún yí padà lẹ́yìn wa. N kò bẹ̀rù èyí. Ohun tí mo bẹ̀rù ni ọgbà tó lẹ́wà tí ọmọ ìlú ń dúró lẹ́yìn ògiri rẹ̀. Àwọn àgbà ní, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A ti tún ilé kọ́ ní Agodi. Ó kù kí a kọ́ ọmọ.